Ife Elétí Méjì Tó Wà Nínú Báàgì Mi

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá mi kẹ́dùn. Àwọn tó yẹ kí ẹ bá kẹ́dùn wà nínú ìtàn yìí, n kò sí lára wọn.

Lọ́yà ni àwọn obìnrin ilé iṣẹ́ ìránṣọ kan ń pè mí. N kì í ṣe lọ́yà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni, n kò ríṣẹ́, inú sì ń bí mi. Inú ń bí mi sí gbogbo ọ̀gá tó ń lo ènìyàn bí aṣọ ìnulẹ̀, mo sì mọ bí a ti ń sọ ọ̀rọ̀ tí yóò fi dun ẹni tó yẹ kó dùn. Inú ṣì ń bí mi bí mo ti ń kọ èyí.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mò ń gbé nígbà náà. Ojú bọ́tìnnì ló ń rán nílé iṣẹ́ náà, níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ fún àwọn nọ́ọ̀sì. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ọ̀nà jíjìn. Bó bá wá sílé lónìí, ó di ìgbà tí a bá tún rí i. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló rán mi níwèé. Kó lè rí i ṣe, ó gbé ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ màmá wa nígbà tí ọmọ náà kò tíì lè dá jókòó, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá lọ wò ó, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò ní, "Ẹ káàbọ̀, àǹtí."

Nígbà tí èkejì wá dé, tó jẹ́ ọkùnrin, ẹ̀gbọ́n mi gbé e sáyà, ó ní, "Eléyìí á mọ̀ mí. Ọmú mi ni yóò mu títí òun fúnra rẹ̀ á fi ní ó tó."

Baálé la sọ ọ́, nítorí òun nìkan ni ọkùnrin tó ń sùn nílé lójoojúmọ́, ó sì mọ àṣẹ pa.

Èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀. Mo máa ń pọ̀n ọ́n lọ sẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ náà, lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ọ̀sán. Bẹ́ǹṣì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbẹ̀. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì á yọrí sínú ọgbà, á ní, "Baálé ti dé o. Ẹ sọ fún ìyàwó rẹ̀ kó má jẹ́ kí oúnjẹ tutù."

Ẹ̀gbọ́n mi á sáré jáde pẹ̀lú òwú wẹ́wẹ́ lára aṣọ rẹ̀, á gbà á lọ́wọ́ mi. Ọmọ náà á máa mu, á máa wò ó lójú. Bó bá yó, ẹ̀gbọ́n mi á gbọn òwú kúrò lórí rẹ̀, á padà wọlé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Alábòójútó wọn ló fẹ́ fòpin sí ìjáde náà. Ìyá Fèrè ni wọ́n ń pè é, nítorí fèrè tó máa ń fun bí iṣẹ́ bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó jáde wá bá wa lórí bẹ́ǹṣì.

"Bí oṣù yìí bá parí, kò sí ìyá ọlọ́mọ tí yóò tún fi ìdí ẹ̀rọ sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ nibí, kì í ṣe ilé ìgbẹ̀bí."

"Ebi á máa pa ọmọ, mà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ọmọ tó bá ti lè jókòó lè mu ife. Èmi náà bímọ, kò sí èyí tó kú níbẹ̀."

Ọmọbìnrin kan dúró lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi. Ìyàwó ni gbogbo wọn ń pè é, torí kò pẹ́ tó ṣègbéyàwó. Ọrùn ọmọ tirẹ̀ kò tíì le. Ó ní, "Èyí tí kò tíì lè jókòó ńkọ́, mà?"

"Ìyá ìyẹn ò tíì yẹ kó wà níbi iṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé lọ sórí rédíò. Mo sọ ọ́ títí àwọn tí n kò mọ̀ rí fi ń kí mi lójú ọ̀nà. Mo sọ pé ọmú kì í ṣe àánú tí ọ̀gá ń ṣe fún òṣìṣẹ́. Mo sọ pé ẹni tó bá ní kí ọmọ ọwọ́ gba ife kí ẹ̀rọ má bàa dúró, aṣọ ló bí, kì í ṣe ènìyàn. Àwọn obìnrin náà fẹ́ràn ìyẹn, wọ́n ń sọ ọ́ fún ara wọn nídìí ẹ̀rọ. Nígbà tó yá, máníjà gbà pé kí a wá jókòó sọ̀rọ̀.

Ìṣòro kan ló wà. Ẹgbẹ́ wa, àwa ọ̀dọ́ tí à ń jà fún ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́, máa ń ṣèpàdé láàárọ̀, àsìkò gan-an tí Baálé ń lọ mu ọmú. Mo máa ń pẹ́ dé, ìtọ́ ọmọ á ti gbẹ sí mi léjìká. Lọ́jọ́ kan alága wa wò mí látòkè délẹ̀.

"Lọ́yà, bó o bá fẹ́ gbé ọmọ, gbé ọmọ. Bó o bá fẹ́ jà, wá jà."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n bi í pé ọmọ ta ni à ń jà fún. Èmi tí mò ń bú ọ̀gá ńlá lórí rédíò kò rí ohùn bú ẹni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín ẹgbẹ́ mi. Nígbà tí ìpàdé tú, mo lọ ra ife.

Obìnrin tó ń ta nǹkan ọmọ ọwọ́ ní ìparí òpópónà wa sanra, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ó to àwọn ife náà síwájú mi, onírúurú, gbogbo wọn pẹ̀lú ìdérí àti ẹnu ṣóńṣó tí ọmọ ń gbà mu nǹkan.

"Ṣé ó ti ń jókòó?"

"Ó ti ń jókòó. Ó ti ń já ṣíbí gbà lọ́wọ́ mi."

"Ó ti tó, nígbà náà. Wo èyí, ẹnu rẹ̀ le. Ọmọ tó ti léyín ló wà fún. Bó bá fi lù ọ́ lórí, wàá rántí orúkọ bàbá rẹ. Èyí, ẹnu rẹ̀ rọ̀ bí orí ọmú, ó sì ní etí méjì tó máa fi dì í mú. Rọ́bà kékeré kan wà lábẹ́ ìdérí rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó dà, kódà bó bá sọ ọ́ mọ́lẹ̀."

"Ṣé yóò gbà á?"

"Yọ rọ́bà yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí omi lè tètè kán sí i lẹ́nu. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á fà á títí, á rò pé ò ń fi òun ṣeré. Omi díẹ̀ ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti jẹun. Kó jókòó dáadáa, má fi lé e lọ́wọ́ kó máa fi wọ́ kiri. Má sì fi ohun dídùn sínú rẹ̀. Ọmú ṣì ni oúnjẹ rẹ̀ o, ife kàn ń wá mọ̀ ọ́n ni." Ó wò mí. "Ìwọ lo bí i?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló bí i."

"Òun ló ní kó o wá rà á?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Mo mú elétí méjì náà, aláwọ̀ ojú ọ̀run. Mo yọ rọ́bà rẹ̀ bó ṣe wí. Èyí tó kù nínú ìmọ̀ràn rẹ̀, n kò ní àyè fún un. Omi lásán kò lè mú kí ọmọ gbàgbé ọmú ìyá rẹ̀. Mílíìkì àti ṣúgà ni mo pò sínú ife náà.

Baálé fi ẹnu kàn án, ó lajú sí mi bí ẹni tí wọ́n sọ àṣírí fún. Ó tún fi ẹnu kàn án. Ó dà sí i láyà, ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti mọ̀ pé bí ife bá fẹ́ tán, ìdí rẹ̀ là á gbé sókè. Mo dá rọ́bà náà padà, ó sì fà á láìbínú.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jẹ́ kó fo ọmú, mo ránṣẹ́ sí bàbá ẹnu géètì pé ọmọ ń sùn. Ó sùn lóòótọ́, lórí àga níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa, pẹ̀lú ife lẹ́nu. Alága ní, "Ẹ wo Lọ́yà, ó ti dé kí gbogbo wa tó dé." Inú mi dùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: inú mi dùn gan-an.

Ọjọ́ kan di ọjọ́ púpọ̀. Mo ń fi ife náà pamọ́ sínú báàgì mi, láàárín àwọn ìwé ìléwọ́ tí a kọ ọ́ sí pé Ẹ̀TỌ́ ỌMỌ LỌMÚ.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ fura, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ló fura sí. Bó bá dé láti ibi iṣẹ́, tó gbé Baálé, ọmọ náà á mu díẹ̀, á yí orí padà, á máa wá mi kiri yàrá.

"Àbúrò, ṣé kò sí ohun tó ń ṣe é?"

"Eyín ló ń yọ. Ẹnu ń dùn ún."

Ó ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. "Mi ò rí eyín."

"Ó wà lábẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ó máa yọ."

Lọ́jọ́ mìíràn ó ní, "Bóyá òórùn òróró ẹ̀rọ yẹn ni kò fẹ́ lára mi." Ó wọlé ìwẹ̀, ó fi kànìnkànìn fọ àyà rẹ̀ títí ó fi pọ́n. Ó pààrọ̀ ọṣẹ. Ó yí ẹ̀gbẹ́ tó fi ń sùn padà. Ó ń mu omi gbígbóná tó fi ń làágùn, kí ọmú lè wá, nítorí ọmú ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ọmú tí a kò bá mu, ó ń gbẹ ni, ẹnikẹ́ni mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo wà ní yàrá kejì, mò ń kọ ohun tí màá sọ fún máníjà nípa iyì ìyá ọlọ́mọ. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ilé ìwẹ̀. Ó ń bá ọmọ tí kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Kí ni mo ṣe fún ẹ, Baálé? Sọ fún mi, má wulẹ̀ bá mi bínú."

Mo lè jáde síta kí n sọ fún un. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Mo ní lẹ́yìn ìpàdé ni màá sọ. Bí a bá ti ṣẹ́gun tán, ọ̀rọ̀ ife á di ohun ẹ̀rín.

Èmi náà ni mo dá a lábàá, ṣáájú gbogbo èyí, pé kí ẹ̀gbọ́n mi fún ọmọ lọ́mú níwájú máníjà lọ́jọ́ ìpàdé náà, kó fojú ara rẹ̀ rí bí àsìkò tí à ń bèèrè ti kéré tó. Gbogbo wọn ti gbà. N kò mọ bí mo ṣe máa yẹ̀ ẹ́ láìsọ ìdí. Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ náà, n kò fún Baálé ní nǹkan kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ife rẹ̀ kún nínú báàgì mi. Mo ní ebi á kọ́ ọ bó ṣe máa mu ún. Ẹni tó ń sọ pé kí ilé iṣẹ́ má fi ebi pa ọmọ ló ń sọ ìyẹn.

Yàrá ìjẹun wọn ni a jókòó sí. Wọ́n ti ti àwọn tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Máníjà jẹ́ ọkùnrin kan tó rọra ń sọ̀rọ̀, ọ̀fìnkìn ń dà á láàmú, ó ń fi áńkáṣíìfù nu imú. Ìyá Fèrè jókòó tì í. Àwọn obìnrin náà dúró yí ká, Ìyàwó níwájú pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn.

Mo sọ̀rọ̀. N kò tíì sọ̀rọ̀ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Kódà máníjà ń mi orí. Nígbà tí mo parí, mo ní, "Ẹ wò ó fúnra yín, sà. Kí ẹnì kan tó fi òwú sójú abẹ́rẹ́ mélòó kan tán, ọmọ á ti yó."

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ó gbé Baálé sáyà.

Ọmọ náà fi ẹnu kàn án, ó sì yí orí padà. Ẹ̀gbọ́n mi rọra dá orí rẹ̀ padà. Ọmọ náà bú sẹ́kún.

"Ẹ fi ti ọ̀tún sí i lẹ́nu, ẹ̀gbọ́n," ni Ìyàwó wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Ti ọ̀tún náà, ó fi ọwọ́ tì í dànù. Ó ń ké, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta. Ẹ̀gbọ́n mi ń sọ fún un pé, "Jọ̀ọ́, jọ̀ọ́, àwọn èèyàn ń wò wá." Àfi bí ọmọ náà ṣe dákẹ́ lójijì. Ó ti rí báàgì mi nílẹ̀. Etí ife náà kan yọ síta láàárín àwọn ìwé. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí i, ó ń ṣe ohùn kékeré kan nímú, ohùn tí èmi nìkan ti máa ń gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi wo ibi tí ọwọ́ náà nà sí. Ó wò mí. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ife náà yọ, ó gbé e fún ọmọ.

Baálé di etí méjèèjì mú. Ó mu ún, kò da ẹ̀kán kan. Nígbà tó fẹ́ tán, ó gbé ìdí rẹ̀ sókè.

Ìyá Fèrè ló kọ́kọ́ lanu. Kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ṣebí mo sọ."

Máníjà nu imú. "Ta ló kọ́ ọ ní ife?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ibí ni mo ti ń sá fún látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí. Ife kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi tó tóbi jù. Èyí ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Èmi ni, sà."

"Ẹ̀yin? Ẹ sì ń sọ pé kò lè mu ife?"

"Èmi ni."

Ìyàwó yí padà sí i. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ní ká má gbà o. Ẹ̀yin lẹ ní ká dúró."

Ẹ̀gbọ́n mi ń dé bọ́tìnnì àyà rẹ̀. Ó ṣì í dé, ó tún un dé. Mo dúró síbẹ̀. Lọ́yà, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, dákẹ́.

Máníjà ní òun rò pé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Nígbà tí oṣù náà parí, wọ́n pe gbogbo ìyá ọlọ́mọ, wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ife kan, ẹ̀bùn láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́. Ìyàwó gba tirẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kò tíì lè gbé orí dúró. Ó gbé ife náà sórí ẹ̀rọ rẹ̀, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó sì lọ sílé. Kò padà wá mọ́.

Nígbà tí a délé lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, mo ń retí kí ẹ̀gbọ́n mi lù mí. Ó tẹ́ Baálé sílẹ̀, ọmọ náà sùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ ní ẹ̀yin ni?"

Ó ń yọ òwú kúrò lára aṣọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Bí mo bá ní ìwọ ni, ta ló tún máa gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ?"

Ó ju òwú kan sílẹ̀.

"Ẹnu rẹ yẹn, mo fi ọmọ kan rà á. Ó ń pè mí ní àǹtí. Mi ò lè jẹ́ kó tún bà jẹ́ níṣojú mi."

Ó gbé ife náà síwájú mi. Ó ní, "Kọ́ mi bó ṣe ń mu ún."

Mo kọ́ ọ. Èmi, tí n kò bímọ rí, kọ́ ẹ̀gbọ́n mi bó ṣe máa fún ọmọ rẹ̀ lóúnjẹ. Mo fi rọ́bà hàn án, bí a ti ń yọ ọ́, bí a ti ń fi omi gbígbóná fọ abẹ́ rẹ̀ kí mílíìkì má bàa kan síbẹ̀. Mo sọ gbogbo ohun tí obìnrin onísọ́ọ̀bù sọ fún mi, títí kan èyí tí n kò tẹ̀ lé. Nígbà tí Baálé jí, ẹ̀gbọ́n mi gbé ife náà sí i lẹ́nu. Ọmọ náà ń mu, ojú rẹ̀ wà lára mi.

"Lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Jọ̀wọ́. Kó má rí ẹ."

Mo lọ. Kò pẹ́ tí mo fi kó kúrò nílé náà pátápátá. Kò lé mi. Èmi ló yé pé bí mo bá wà níbẹ̀, ọwọ́ mi ni ọmọ náà yóò máa wò.

Láìpẹ́ yìí mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wọn nírọ̀lẹ́. Baálé jókòó lórí itan ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú ife elétí méjì náà, ẹnu ife náà ti rí págunpàgun níbi tí eyín ti bù ú jẹ. Ó ń mu, ó sì ń wò ó lójú. N kò kanlẹ̀kùn.

Ẹ̀tọ́ tí à ń bèèrè yẹn ṣì jẹ́ ẹ̀tọ́. Ife kan ṣoṣo kò sọ ọ́ di irọ́, kò sì sí ọmọ tó yẹ kó yàn láàárín ìyá rẹ̀ àti ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ṣì ń sọ ọ́ níbi tí wọ́n bá ti fẹ́ gbọ́. Ife náà pàápàá kò ṣẹ̀ mí. Ohun tó dára ni, bí a bá fi sọ́wọ́ ọmọ ní àsìkò rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ sì mọ̀.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ló ń dá jẹun ní yàrá ìjẹun yẹn títí di òní. Mo gbọ́ pé wọ́n ń pè é ní Ìyá Onífe, àti pé bó bá jókòó sí tábìlì kan, wọ́n á dìde níbẹ̀. Mo sì mọ̀ pé ìwé ìròyìn yìí máa ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ láàárín yín nídìí ẹ̀rọ, títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi ya. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ síbí nìyẹn.

Ẹ̀yin obìnrin ìlà ojú bọ́tìnnì, àti ìwọ Ìyàwó, níbikíbi tó o bá wà, ẹ jẹ́ kó padà jókòó láàárín yín. Kò parọ́ fún yín rí, àfi lẹ́ẹ̀kan yẹn. Èmi ni mo ra ife náà.